Ẹ má bẹ̀rù sójà, ìwé ni kí ẹ bẹ̀rù

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọjà Atákúnmọ́sà n'Íléṣà ni mo ti ń ta aṣọ. Àbíkẹ́yìn mi, obìnrin ni, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní OAU n'Ílé-Ifẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Wọ́n ní àsìkò àtilọ sìnlú ti kàn án. Ẹ̀rù ń bà mí, torí asthma ti ń bá a fínra láti kékeré. Wọ́n ní ní ibùdó tí wọ́n á kọ́kọ́ kó wọn lọ, òru ni sójà ti ń fọn fèrè jí wọn, pé wọ́n á máa sáré kiri, wọ́n á máa fàyà fà nínú ẹrẹ̀, pé wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ wọn ní ìbọn yíyìn. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ní òun mọ ẹni tó lè gba ìwé fún un pé kò ní sìn mọ́, ṣùgbọ́n owó tó pè pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà kò kúkú sìn, torí òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló fi ń lọ ka ìwé tirẹ̀. Wọ́n fún un níwèé, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí n san owó yìí ni? Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ṣé wọ́n lè fi í sí Iléṣà ńbí kí n máa rí i?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọjà o, màmá. Ajé á bá yín jókòó.

Owó yẹn ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ bà, kó má baà di pé ẹ ti san án kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ fi òṣómàáló kọ́ ilẹ̀ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń lóṣòó gba gbèsè, ṣùgbọ́n ti eléyìí, bí ẹ lóṣòó títí eékún fi wú, ẹ kò ní rí ẹni tí ẹ máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin tó dá ètò ìsìnlú yìí, ìyẹn NYSC, sílẹ̀ lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 1993, ka àwọn tí kò ní sìn sílẹ̀, wọn kò sì pọ̀. Ẹni tó ti lé ní 30 ọdún lọ́jọ́ tó jáde nílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá ju oṣù mẹ́sàn-án lọ. Òṣìṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹni tí ìjọba àpapọ̀ ti fi oyè dá lọ́lá. Ó tán. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tí asthma ń bá fínra kò sí nínú wọn. Nítorí náà, ìwé yòówù tí ọkùnrin àdúgbò yín bá mú wá, ayédèrú ni, kódà kí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ máa dán yinrin.

Ẹ lè ní ta ló máa mọ̀. Ẹ rántí Kemi Adeosun, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó. Lọ́dún 2018 ni ìròyìn jáde pé ayédèrú ni ìwé tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú ìsìnlú. Ó ní àwọn tí òun fọkàn tán ló bá òun gbà á, pé òun kò mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ló kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ibi tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: nígbà tó di ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá dájọ́ pé kò tilẹ̀ di dandan fún un láti sìn, torí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà tó jáde ní yunifásítì. Ìwé tí kò nílò rárá ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mínísítà ò bá rí ìwé bẹ́ẹ̀ gbé mì, ṣé ọmọ yín tó ń wáṣẹ́ ló máa rí i gbé mì?

Òfin kan náà ló sọ pé dandan ni kí agbanisíṣẹ́ béèrè ìwé ìsìnlú lọ́wọ́ ẹni tó jáde ní fásitì. Ẹni tó bá sì kọ̀ tí kò lọ, owó ìtanràn ₦2,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ẹ lè fi ẹgbẹ̀rún méjì yẹn rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín.

Ìwé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yàtọ̀, ojúlówó ni. Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀. Ẹni tí wọ́n pè síbi ìnáwó, tó wá ní kí wọ́n fojú fo òun torí pé àgbà ti dé, yàtọ̀ sí ẹni tí wọn kò fún ní ìwé ìpè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti kọjá ọgbọ̀n ọdún ni ẹni àkọ́kọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un. Ẹni tó ka ìwé ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́ ni ẹni kejì. Ètò yìí kò kàn án rárá, ìwé tí wọ́n fún un ń sọ bẹ́ẹ̀ ni. Àbíkẹ́yìn yín lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́ bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n máa fún un ní ìwé ìpè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá kọjú sí sójà.

Ọdún kan gbáko ni ìsìnlú. Nínú ọdún kan yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọmọ yín máa bá sójà gbé. Òótọ́ ni pé òórùn ológun wà lára ètò náà láti ìpilẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló dá a sílẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò tíì lè wo ara wọn lójú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà kò fẹ́ ẹ, wọ́n wọ́de lòdì sí i. Ológun ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́, Ahmadu Ali, ológun ló sì ń sábà wà lórí àga yẹn títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ rédíò nígbà yẹn á rántí Ali yìí: òun náà ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1978 nígbà tí owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sókè, tí wọ́n ń pariwo “Ali Must Go” láti fásitì kan dé òmíràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe sójà ni wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọ yìí dà. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà sùn lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, kí ọmọ Tiv wà lókè rẹ̀, kí ọmọ Kanuri wá yá bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ìlà títò, aṣọ kan náà, ariwo sójà, irinṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ da ọ̀dọ́ bí ẹgbẹ̀rún méjì tí kò mọra rí sínú ọgbà kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ má fi ẹni tó ń pariwo sí i. Ọjọ́ kejì ni wọ́n á ti máa jà nídìí ẹ̀rọ omi.

Ìbọn kò sí ńbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní NYSC kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n gbé ìbọn lé àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ni bí èèyàn ṣe ń dúró ṣánṣán, bí ó ṣe ń yí sí ọ̀tún, bí ó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ bá ẹgbẹ́ mu, torí pé wọ́n máa yan níwájú àwọn àlejò ìjọba lọ́jọ́ tí wọ́n bá búra àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kúrò ní ibùdó. Àwọn Man O' War, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá líle, ló ń mú wọn gun okùn, tí wọ́n ń mú wọn rìn lórí igi tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ tí ẹ gbọ́ ti wá, eré ìdárayá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kà á sí, wọ́n á tún máa ya fọ́tò.

Bí ọjọ́ kan ṣe máa ń lọ nìyí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fèrè á ti dún, sójà á sì ti máa na pákó ẹnu ọ̀nà ilé ìbùsùn. Gbogbo wọn á rọ́ lọ sórí pápá nínú aṣọ funfun, ṣòkòtò péńpé funfun, bàtà kánfáàsì funfun. Àdúrà, orin orílẹ̀-èdè, orin NYSC, lẹ́yìn náà eré sísá àti eré ìdárayá. Wọ́n á lọ wẹ̀, wọ́n á tò fún oúnjẹ àárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á jókòó sínú gbọ̀ngàn fún ẹ̀kọ́: àṣà ìpínlẹ̀ tí wọ́n gbé wọn wá, ètò ààbò, ìlera, àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní SAED, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012. Inú gbọ̀ngàn yẹn ni oorun àgbáyé ń gbé. Mo ti dúró níwájú ibẹ̀ sọ̀rọ̀ rí fún bíi wákàtí kan, ìlà kẹta sí ìsàlẹ̀ ń hanrun. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, wọ́n tún padà sórí pápá. Alẹ́ ni ijó, eré orí ìtàgé láàárín platoon sí platoon, ìyẹn ọ̀wọ́ tí wọ́n pín wọn sí, àti ọjà Mami, ọjà inú ibùdó. Ọjà Mami yìí ni kí ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ ni owó ń gbé wọ ilẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, fèrè tún dún, iná kú.

Sójà á pariwo. Wọ́n á ní kí ẹni tó ń rìn máa sáré. Ẹni tó bá pẹ́ lè kúnlẹ̀, ó lè fo bí ọ̀pọ̀lọ́. Ní tèmi o, ariwo yẹn máa ń pọ̀ jù nígbà mìíràn, àwọn kan nínú wọn sì máa ń gbàgbé pé ọmọ ọlọ́mọ tó jáde ní fásitì ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe rìkúrúùtì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá sójà wà ní ibùdó, olùdarí NYSC ìpínlẹ̀ náà wà ńbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ ẹni tó bá ṣàṣejù lọ. Kò sì sí sójà tó lè fipá mú ẹni tí dókítà bá kọ̀wé fún.

Ìwé dókítà yìí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ asthma, ibí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Lọ́dún 2016, àwọn àgùnbánirọ̀ kan kú ní ibùdó, gbogbo ilé tó ní ọmọ níbẹ̀ ni jìnnìjìnnì bò. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí bí wọ́n ṣe tọ́jú wọn, n kò sì ní dájọ́ níbí. Ohun tí èmi fojú ara mi rí láàárín ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ni pé ọmọ tó dákẹ́ nípa àìsàn rẹ̀ ni ewu ń wu jù. Ọmọ á mọ̀ pé èémí òun ń há, á tún sá eré àárọ̀ torí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ. Òbí náà á ti sọ fún un nílé pé kó má sọ o, kí wọ́n má baà dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Gbogbo ẹni tó ń lọ ibùdó ló gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ìlera dání láti ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti ológun. Ẹ̀yin kò ní wá a jìnnà: Wesley Guild tó wà n'Íléṣà yín, ara OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti fásitì OAU, ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láìrí ọmọ náà sójú. Bí dókítà bá béèrè, kí ọmọ sọ òtítọ́, lẹ́yìn náà kí ó tọrọ ìwé kejì tó yàtọ̀ sí ti ẹ̀rí ìlera, èyí tó máa ṣàlàyé àìsàn náà: ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀, oògùn tó ń lò, ohun tó máa ń ru ú sókè, ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Lọ́jọ́ tó bá dé ibùdó, kí ó tó máa bá wọn du bẹ́ẹ̀dì, ilé ìwòsàn ibùdó ni kó yà sí. Dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn gan-an àgùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì máa ń fetí sílẹ̀. Kí ó fún wọn ní ẹ̀dà kan. Dókítà lè kọ ọ́ fún un pé kó má sáré, kó má lọ síbi Man O' War. Àwọn tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kò sí ẹni tó ń bú wọn. Kí ó fún òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó platoon rẹ̀ ní ẹ̀dà kejì. Kí ó sì fi ibi tí inhaler, oògùn asthma tó ń fà sínú, wà han ẹni tó bá ń sùn nítòsí rẹ̀, torí òru kì í béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó dé.

Nípa inhaler yẹn: méjì ni kó mú lọ, ara rẹ̀ ni kí ọ̀kan sì wà ní gbogbo ìgbà, nínú báàgì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ní àárọ̀, sójà á lé gbogbo wọn jáde nílé ìbùsùn, wọ́n á sì tìlẹ̀kùn. Ohun tó bá wà nínú àpótí, ó di ìrọ̀lẹ́. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń mí fìn-ín-fìn-ín lórí pápá, tí oògùn rẹ̀ wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ ọgọ́rùn-ún sí i, tí wọ́n ń wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Èmi kì í ṣe dókítà. Kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ dókítà tirẹ̀ bó ṣe yẹ kó lo oògùn náà ní àsìkò ọyẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ òpin ọdún ni wọ́n pè é, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Àríwá. Eruku pápá nínú ọyẹ́ kò dára fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le dáadáa, áńbọ̀ǹtórí ẹni tó ní asthma. Èéfín oògùn ẹ̀fọn tí àwọn èèyàn ń tàn nínú yàrá náà kò dára. Kí ó mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tirẹ̀ lọ.

Gbogbo èyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń tán. Ohun tó ń dá ọmọ padà láti ẹnu géètì, tó sì ń lépa ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìsìnlú, ìwé ni.

Kí ọmọ yín kọ orúkọ tó wà lórí JAMB rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó wà lórí NIN, èyí tó wà lórí WAEC, àti èyí tí fásitì kọ. Kí ó tò wọ́n sábẹ́ ara wọn, kí ó sì máa fi ojú bíi ti ẹni tó ń ka owó wò wọ́n. Bó bá jẹ́ Oluwaseun níbì kan, Seun níbì kejì, Oluseun níbì kẹta, ẹni mẹ́ta ni lójú ẹ̀rọ. Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Bí òbí bá ti gé ọjọ́ orí ọmọ nígbà kan rí, àsìkò yìí ló máa hàn. Fásitì ló ń fi orúkọ àwọn tó yege ránṣẹ́ sí NYSC, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yẹn kò lè forúkọ sílẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà OAU ni kó lọ, kì í ṣe kafé ní Lágere nílùú Ifẹ̀. Àwọn ọmọ kafé mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè tún ìwé fásitì kọ, ẹni tó bá sì ní òun lè tún un kọ nínú wọn, ẹ bá a lo bí ẹ ṣe máa bá ọkùnrin àdúgbò yín lò.

Kafé yìí mú mi rántí àtàǹpàkò. Bí ọmọ bá ń forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á tẹ ìka rẹ̀ sórí ẹ̀rọ kan. Òun fúnra rẹ̀ ni kó tẹ̀ ẹ́. Mo rí ọmọ kan ní ibùdó kan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ forúkọ sílẹ̀, ó bá fi owó àti nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọmọ kafé kan. Ọmọ kafé tẹ àtàǹpàkò tara rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dé ibùdó lẹ́yìn ìrìn wákàtí mẹ́rìnlá, tó gbé àpótí kalẹ̀, wọ́n ní kó tẹ ìka. Ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń sanwó ọkọ̀ padà. Kò sí sójà kankan tó bá a wí lọ́jọ́ yẹn, wọ́n tiẹ̀ ń ṣàánú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ìwé ìpè, káàdì aláwọ̀ ewé tó máa tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé èsì fásitì gan-an, káàdì ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ìlera, ọwọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n wà, kì í ṣe inú bútù ọkọ̀. Kí ó má rìnrìn àjò òru. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí ó sùn sí ìlú tó bá ti dé.

Ẹ ní ṣé wọ́n lè fi í sí Iléṣà. Rárá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ibùdó tirẹ̀ ní Ẹdẹ, ṣùgbọ́n ọmọ àlejò ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun á gba ibòmíràn lọ, torí ìdí tí wọ́n fi dá ètò náà sílẹ̀ nìyẹn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó tọrọ àyípadà ibùgbé nítorí ìlera, kí ó fi ìwé Wesley Guild tí mo sọ yẹn gbè é lẹ́sẹ̀. Ojú ìwé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa tọrọ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó tọrọ ló ń rí i gbà, bó bá sì rí i gbà, ó lè jẹ́ Èkìtì tàbí Ọ̀yọ́, kì í ṣe ojúlé yín. Ìgbéyàwó náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń yí ibùgbé padà fún obìnrin. Mo ń sọ èyí torí ẹnìkan máa tó wá dá a lábàá: ẹ má jẹ́ kó lọ ṣe ìwé ìgbéyàwó irọ́. Mo ti rí ọkọ tó jẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin péré, tí ìyàwó kò mọ orúkọ àárín rẹ̀ nígbà tí wọ́n béèrè.

Lẹ́yìn ibùdó, ìgbésí ayé á rọlẹ̀. Wọ́n á fi í síbi iṣẹ́, ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá ara wọn. Bó bá jẹ́ ilé ìwé tí wọ́n ṣì ń lo ṣọ́ọ̀kì ni, kí ó mú ìwé dókítà lọ bá òṣìṣẹ́ NYSC ìjọba ìbílẹ̀ náà kíákíá. Ipò yẹn ni mo fẹ̀yìn tì sí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá tètè wá ni wọ́n ń rí ibi gbé lọ. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, wọ́n á ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Oṣooṣù, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀, owó wọn á sì wọlé: ₦77,000 ni báyìí, ó ti kúrò ní ₦33,000. Bí àkókò ìdìbò bá bọ́ sí i, INEC, àjọ elétò ìdìbò, á máa wá òṣìṣẹ́ láàárín wọn. Ìfẹ́ inú ni ìyẹn. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2011, wọ́n pa àwọn àgùnbánirọ̀ kan ní Bauchi. Bí ọmọ yín bá ní òun kò ṣe é, kò dẹ́ṣẹ̀.

Ọmọkùnrin kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí wọn kò fi í ṣe gbogbo èyí nígbà tí èèyàn ṣì wà ní fásitì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ wà. Ní Philippines, nígbà kan, ẹ̀kọ́ ológun jẹ́ dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin. Lọ́dún 2001, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Manila lẹ́yìn tó tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ nínú ètò ológun fásitì rẹ̀. Ìbínú yẹn ló bí òfin tuntun, nọ́ńbà 9163. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, á yan ọ̀kan nínú mẹ́ta, á sì fi sáà ẹ̀kọ́ méjì ṣe é: ẹ̀kọ́ ológun, tàbí kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, tàbí iṣẹ́ àǹfààní ìlú. Mo fẹ́ràn yíyàn yẹn. Bí tiwa bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ yín á ti yan ìwé kíkà, ẹ̀yin náà á ti máa ta aṣọ yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ tó jáde ní Ifẹ̀ tó lọ bá wọn gbé ní Nasarawa fún ọdún kan, nǹkan tó ń mú bọ̀ wálé kò sí nínú sáà ẹ̀kọ́ kankan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ló ti bá wọn dé ilé wa, ó sì ń se ọbẹ̀ ilá wa ju àwa lọ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú ọmọ náà lọ sí Wesley Guild. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ó ti kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sílẹ̀ sórí ìwé kan. Bí ọkùnrin àdúgbò yín bá tún yọjú, ẹ ta aṣọ fún un, ṣùgbọ́n kó sanwó lójú ẹsẹ̀, ẹ má tà á láwìn.